Gbogbo Àwọn Tó Ń Lo Nọ́ńbà Mi

Ní àdúgbò wa ní Okokomaiko, èmi nìkan kọ́ ló ni nọ́ńbà fóònù mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń ṣàwàdà.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni àwọn àgbàlagbà òpópónà wa ti máa ń wá sílé mi bí wọ́n bá ní ìwé tí wọ́n fẹ́ kí a kà fún wọn. Àwọn kan nínú wọn kò ní fóònù rárá. Àwọn kan ní in, ṣùgbọ́n wọn kò lè ka ohun tó bá wọlé síbẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ọmọ-ọmọ ló ni fóònù náà ní ti gidi, tí yóò ti fi géèmù pa bátìrì rẹ̀ kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, níbikíbi tí wọ́n bá dé, bóyá ilé ìwòsàn ni, bóyá ọ́fíìsì iná ni, bí wọ́n bá ti béèrè nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ wọn, tèmi ni wọ́n máa ń kà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n sórí bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. "Ẹ fi ti Tíṣà sí i," ni wọn yóò wí. "Tíṣà yóò bá mi kà á."

Inú mi sì máa ń dùn sí i. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, orúkọ ẹni tó ni ín ni yóò ṣáájú. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ nírọ̀lẹ́, n ó wọ bàtà, n ó sọdá títì, n ó kà á fún onítọ̀hún, n ó sì túmọ̀ rẹ̀. Ó jẹ́ kí n máa rí àwọn ènìyàn, ó sì jẹ́ kí n rí ẹni kọ́ ní nǹkan.

Ẹni tó ń lo nọ́ńbà mi jù ni Alhaja tó ni ilé tó dojú kọ tiwa. Ọmọ Ọ̀jọ́ gan-an ni, wọ́n bí baba rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n bí òun náà síbẹ̀. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Kò fẹ́ fóònù, ó ní ohun tó ń dún lápò ẹni kì í jẹ́ kí èèyàn kírun pẹ̀lú ọkàn kan. Mo ti gbìyànjú láti yí i lérò padà, ó kọ̀, mo sì fi í sílẹ̀.

Ohun kan wà nípa Alhaja tí gbogbo wa mọ̀. Nígbà kan, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ níbì kan, ojú rẹ̀ wú, ọ̀fun rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pa. Díẹ̀ ló kù kí a pàdánù rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń pè ní pẹnisílíìnì ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Ọmọ mi obìnrin, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn pípò, ní ṣọ́ọ̀bù oògùn mẹ́ta, ọ̀kan ní Okokomaiko níhìn-ín, ọ̀kan ní Iba, ọ̀kan ní Ọ̀jọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sí ojú ewé Alhaja nínú kọ̀m̀pútà ṣọ́ọ̀bù Okokomaiko, pẹ̀lú lẹ́tà pupa, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta pẹnisílíìnì fún màmá yìí, tàbí oògùn èyíkéyìí tó bá a tan. Mo gbìyànjú láti kọ́ Alhaja ní orúkọ oògùn náà nígbà náà.

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" ló wí. "Ṣebí ọmọ rẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí ọmọ mi fi pinnu pé òun fẹ́ so ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn oúnjẹ. Kọ̀m̀pútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kan kò mọ ohun tó wà nínú ti ìkejì. Bí oníbàárà tó ń ra oògùn ní Okokomaiko bá dé Iba, àlejò ni wọ́n kà á sí. Òun fẹ́ kó gbogbo àkọsílẹ̀ jáde kúrò nínú kọ̀m̀pútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó wọn wọ inú kíláòdù, kó sì so wọ́n di ọ̀kan.

"Kí ló ń jẹ́ kíláòdù?" mo bi í.

"Kọ̀m̀pútà ńlá àwọn ẹlòmíràn ni, Màámi, tó wà níbi tó jìnnà sí wa. À ń sanwó lóṣooṣù láti tọ́jú nǹkan wa síbẹ̀. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti wà, ṣọ́ọ̀bù yòówù kó jẹ́, ohun kan náà la ó jọ máa rí."

Mo sọ fún un pé àlàyé rẹ̀ yé mi, àti pé ọjọ́ tó ń kọ́ ìlọ́po lọ́wọ́ mi, tó ń sunkún, n kò mọ̀ pé yóò dẹni tó lè ṣàlàyé nǹkan tó báyìí. Ó ní, "Màámi, ẹ ò ní gbàgbé ọ̀rọ̀ ìlọ́po yẹn láé?" Mo ní rárá.

Ọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀m̀pútà ní Ọjà Àlàbá ló bá a ṣe é. Ọmọlúàbí ni, Ìgbò ni, ó sì gbọ́ Yorùbá débi pé òun ló máa ń ṣàtúnṣe Yorùbá àwọn ọmọ tó ń tajà fún ọmọ mi. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọmọ mi lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, "Níbikíbi tí ẹ bá ti bá wa, a mọ̀ yín." Alhaja ní kí n ka ìwé náà fún òun. Nígbà tí mo kà á tán, ó mi orí, ó ní, "Ó dáa. Ẹnu mi ti sinmi nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fi ṣẹlẹ̀.

Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láàárọ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí fóònù mi dún. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ohun tó wí ni pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí oògùn tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Iba láàárọ̀ yẹn, àti pé kí n lo kápúsù náà lẹ́yìn oúnjẹ, kí n má sì dá a dúró kó tó tán. Mo wo òkè àtẹ̀jíṣẹ́ náà láti rí orúkọ ẹni tó ni ín. Orúkọ mi ni.

Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún kà á. Orúkọ mi náà ni, lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Mo wo ẹ̀wà tó wà níwájú mi. Láti bí oṣù mélòó kan n kò tíì fẹsẹ̀ kan Iba.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé àwọn olè ti jí orúkọ mi. Mo pe ọmọ mi.

"Màámi, bóyá ẹ rán ẹnìkan ni."

"Mo rán ẹnìkan? Láti lọ ra oògùn ní Iba? Ìwọ tó o ń ta oògùn lẹ́yìn ilé mi níbí ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tó wà ní Iba ló ṣi nǹkan tẹ̀."

Mo ní n kò bínú, ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ wá fi ojú ara mi rí i. Kò jìnnà. Nígbà tí mo débẹ̀, ó fún mi ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nídìí kọ̀m̀pútà, ó tẹ nọ́ńbà mi, ojú ewé kan sì ṣí. Orúkọ mi ló wà lókè, pẹ̀lú 'Màmá Tíṣà' lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ orí mi, àdírẹ́sì mi, gbogbo rẹ̀ tọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lọ sísàlẹ̀ láti wá ohun tí wọ́n tà ní Iba.

Háà. Obìnrin tí mo rí níbẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n.

Obìnrin náà ní àtọ̀gbẹ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó lóyún, ó sì ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń fún aboyún. Ó ra oògùn aràn fún ọmọ kékeré. Ó ra ìpara fún irùngbọ̀n tó ń yọ róró. Ó sì ń lo oògùn tí àwọn bàbá arúgbó máa ń lò bí ìtọ̀ kò bá jáde geere mọ́.

Ọmọ mi yí ojú sí mi. "Màámi, ẹ kú oríire oyún."

"Irùngbọ̀n ni kó o kọ́kọ́ kí mi fún."

A rẹ́rìn-ín, mo gbà, a rẹ́rìn-ín gan-an. Ẹ̀rín náà kò tíì kúrò lẹ́nu wa tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Oògùn ìtọ̀ yẹn, mo mọ ẹni tó ń lò ó, bàbá tó ń tún bàtà ṣe níwájú mọ́sálásí ni. Ìyàwó télọ̀ ló lóyún. Gbogbo wọn ló ń lo nọ́ńbà mi. Bí wọ́n ṣe ń kó àkọsílẹ̀ wọ inú kíláòdù, ẹ̀rọ náà rí i pé nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ní, ó sì gbà pé ènìyàn kan náà ni wọ́n. Ó kó òpópónà wa sínú ara mi.

Mo sì rí oògùn kan níbẹ̀ tí mo mọ ohun tí wọ́n ń fi wò, mo sì mọ ẹni tó ń lò ó láti ara ọjọ́ tó wà níwájú rẹ̀, nítorí èmi ni mo fi agboòrùn mi sìn ín wá lọ́jọ́ náà. Kò sọ fún mi rí. Kò yẹ kí n mọ̀ ọ́n. Mo gbé ojú mi kúrò, ṣùgbọ́n ojú tó ti rí nǹkan ti rí i ná. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó má fà á lọ síwájú mọ́.

"Ta ló wá lọ sí Iba nínú wọn?" ó béèrè.

Ẹnu mi dáhùn kí ọkàn mi tó gbọ́ ohun tí mo sọ. "Alhaja ni. Ó wà ní ilé ọmọ rẹ̀ ní Iba láti ìjẹta."

"Alhaja wa?"

"Alhaja wa."

Ọmọ mi fà á padà sókè kíákíá, síbi tí wọ́n ti máa ń kọ oògùn tí ara ènìyàn kò gbà. Mo na ọrùn láti wò ó. Kò sí lẹ́tà pupa níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni, "Kò sí."

Tèmi ni, àbí ti ta ni? Èmi ni ara mi gba gbogbo oògùn. Mo ti ra oògùn ojú lọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ náà, ojú ewé mi ló tuntun jù, bí ẹ̀rọ náà sì ṣe ń dà wọ́n pọ̀, èyí tó tuntun jù ló fi bo àwọn yòókù. Ìlera mi bo ìkìlọ̀ Alhaja mọ́lẹ̀.

"Kápúsù wo ni wọ́n tà?" mo béèrè.

Ó ti ń pe ṣọ́ọ̀bù Iba. Ó tẹ fóònù náà kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ wí.

"Ta lo ta kápúsù fún láàárọ̀ yìí?"

"Màmá àgbà kan ni mà, tí wọ́n wọ hìjáàbù funfun. Wọ́n ní ọ̀fun ń dùn wọ́n. Ara wọn sì gbóná, mo fọwọ́ kàn án."

"Ṣé o bi wọ́n bóyá oògùn kan wà tí ara wọn kò gbà?"

"Mo bi wọ́n mà. Wọ́n ní kí n wò ó nínú kọ̀m̀pútà, pé ẹ ti kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Mo wò ó, ó ní kò sí. Mo tiẹ̀ kí wọn ní orúkọ tó wà níbẹ̀, mo ní 'Màmá Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́.' Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní 'Bẹ́ẹ̀ ni, ti Tíṣà ni.' Aunty, kí ló dé?"

Ọmọ mi pa fóònù náà. "Màámi, oògùn yẹn, ọmọ ìyá pẹnisílíìnì ni."

A kò lè pe Alhaja, kò ní fóònù. Àwa la jẹ́ fóònù rẹ̀. Mo pe ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Iba. Ó ń tajà ní Àlàbá, ó sì hàn pé ariwo ọjà kò jẹ́ kó gbọ́. Fóònù náà dún títí ó fi dákẹ́. Mo tún pè, ó tún dákẹ́. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ọmọ mi ti dá kẹ̀kẹ́ Maruwa dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní a kò ní gbé ẹlòmíràn, kí ó máa lọ.

N kì í bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ pé kó sáré. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, èmi ni mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra. Lọ́jọ́ náà, mo fọwọ́ kan awakọ̀ léjìká. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, tẹ̀ ẹ́."

"Màmá, ọ̀nà ò dáa o."

"Mo mọ̀. Tẹ̀ ẹ́."

Ọmọ mi di irin kẹ̀kẹ́ mú, kò wojú mi. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó lè jẹ́ pé kò tíì lò ó. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ jẹun ná. Ó lè jẹ́ pé ó ń kírun lọ́wọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀. Mo mọ Alhaja. Bí o bá fún un ní oògùn, kò ní gbé e sílẹ̀ wò.

Mo mọ ilé náà nítorí mo wá kí wọn níbẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bímọ. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Alhaja jókòó lórí ẹní ní pálọ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì họ ọrùn.

"Tíṣà! Kí ló gbé ẹ wá? O ò lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀ lọ́jọ́ méjì?"

"Ṣé ẹ ti lo oògùn náà, Alhaja?"

"Ẹyọ kan ni mo tíì lò. Mo mu ẹ̀kọ gbígbóná ná, bí ọmọ yẹn ṣe wí." Ó tún họ ọrùn. "Ẹ̀fọn ilé yìí mà burú o, Tíṣà. Ojúmọmọ ni wọ́n ń jẹ mí yìí."

Ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Òun kò mọ̀. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀ ẹ̀fọn, ètè rẹ̀ ń yọ síwájú níṣojú wa, ojú rẹ̀ ọ̀tún sì ń kéré sí i. Mo ti dúró níwájú kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ti rí ọmọ tó dákú, mo ti rí ọmọ tó fọ́ lórí, n kì í sì í ké. Lọ́jọ́ náà, ohùn kan jáde lẹ́nu mi tí n kò mọ̀ pé mo ní.

"Kí lo ń ké sí?" Alhaja béèrè. Ọ̀rọ̀ náà ti ń wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ mi kò dúró ṣàlàyé. Ó gbé e dìde, èmi mú apá kejì, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ tí kò tíì lọ sì wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà níparí òpópónà náà. Kí a tó débẹ̀, mò ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń wọlé, ó ń hanrun bí ẹni tó ń sùn, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ là. Ó tẹjú mọ́ mi. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Dókítà kan jáde, ó béèrè ohun tó lò. Ọmọ mi sọ ọ́ fún un, ó sọ abẹ́rẹ́ tó yẹ kó gún un, ó sì sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù òun gan-an ló ta oògùn náà. Dókítà náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé. Wọ́n ní kí a dúró síta.

Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú aṣọ funfun tó fi ń tajà. Mo ní kó dìde. Ó ní òun kò lè dìde. Mo wá jókòó tì í. Mo ń rò ó pé bí obìnrin yìí bá kú, orúkọ mi ni wọn yóò rí nínú kọ̀m̀pútà yẹn. Wọn yóò ní èmi ni mo kú.

Níbẹ̀ ni ọkùnrin oníkọ̀m̀pútà, tí ọmọ mi ti pè láti inú kẹ̀kẹ́ tí kò gbé e, ti pè padà. Ọmọ mi gbé fóònù fún mi.

"Mummy, ẹ má bínú o. Mo ti rí missed call. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ ọ́ fún un.

"Mummy," ló wí, "nọ́ńbà fóònù ni gbogbo ayé fi ń mọ èèyàn. Nọ́ńbà kan, èèyàn kan. Mi ò tíì ríbi tí kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

"O ti rí i báyìí, ọmọ mi. Ní Okokomaiko ni. Nígbà mìíràn, kó o tó so ohun tí ẹ kó jọ pọ̀, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín."

"Yes, ma." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Èyí tí mo kó jáde láti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ṣì wà lọ́wọ́ mi bó ṣe wà, mi ò pa á rẹ́. Mò ń dá gbogbo ẹ̀ dúró báyìí. Kí ṣọ́ọ̀bù kankan má ta nǹkan fún ẹnikẹ́ni." Ó sì fi kún un jẹ́jẹ́ pé, "Màmá yẹn ò ní kú, lórúkọ Jésù."

Mo ní àmín. Ọmọ mi náà ní àmín láti ilẹ̀.

Ó tó ìgbà ìrun ọ̀sán kí nọ́ọ̀sì tó jáde pè wá. Alhaja dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì wú, ṣùgbọ́n ó ń mí bí ènìyàn. Ọmọ mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà.

"Ẹ dárí jì mí, Alhaja. Ìwé yín ni mo sọ nù."

"Ìwé wo?" Ohùn rẹ̀ ń há. "Ṣebí o ní o ti kọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́ mà. Ti Màámi ló bò ó mọ́lẹ̀."

Alhaja yí orí sí mi díẹ̀díẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló lè fi wò mí. "Tíṣà. O bò mí mọ́lẹ̀."

"Kọ̀m̀pútà rò pé èmi ni ẹ̀yin, Alhaja."

Ó ronú sí i. "Kò fojú rí wa ni," ló wí. "Ìwọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí." Lẹ́yìn náà, omijé kan jáde lójú tó wú náà, ó sì di ọwọ́ ọmọ mi mú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tú wa ká. Bí mo ṣe lè sọ ọ́ nìyẹn. Ọkùnrin oníkọ̀m̀pútà gbé kọ̀m̀pútà rẹ̀ wá sílé mi, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kì í ṣe ti fóònù, nọ́ńbà fóònù kò sì ju ibi tí a ti lè bá ènìyàn lọ. Àwọn tó ń lo tèmi wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi bá wọn sọ̀rọ̀ nínú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí n má bàa gbọ́. Èmi ni mo ní kí wọ́n tì í. Bàbá tó ń tún bàtà ṣe béèrè lọ́wọ́ mi bóyá lóòótọ́ ni pé òun àti ìyàwó télọ̀ jọ wà nínú ìwé kan. Mo ní lóòótọ́ ni. Ó ní kí n má jẹ́ kí télọ̀ gbọ́.

Nígbà tí ara Alhaja yá díẹ̀, mo lọ jókòó tì í níwájú ilé rẹ̀ láràárọ̀, mo sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà, pẹnisílíìnì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Mo gé e sí wẹ́wẹ́ bí a ṣe máa ń gé e fún àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó gbà á sẹ́nu, ó fi ìró èdè Ọ̀jọ́ tirẹ̀ sí i. Mo tún un ṣe díẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé dókítà yòówù yóò mọ ohun tó ń wí, mo sì yéé tún un ṣe.

Ọ̀fun rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. A jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Okokomaiko. Ọmọ mi kò sí níbẹ̀, ọmọbìnrin mìíràn tó ń tajà fún un ló wà nídìí kọ̀m̀pútà, ó kí wa, ó sì na ọwọ́ sí ibi tó ti fẹ́ tẹ̀.

"Dúró," Alhaja wí. "Kó o tó tẹ nǹkan kan. Ara mi kò gba pẹnisílíìnì. Kò gbà á àti gbogbo ẹbí rẹ̀."

"A mọ̀ mà." Ọmọbìnrin náà yí ojú kọ̀m̀pútà náà sí wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́tà pupa wà níbẹ̀, ó hàn gbangba, lábẹ́ orúkọ Alhaja nìkan. "Ẹ wò ó mà, ó wà níbí."

Alhaja kò wo kọ̀m̀pútà náà. Ọmọbìnrin náà ló ń wò.

"Ó ti wà níbẹ̀ rí," ló wí. "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ."

Ọmọbìnrin náà wò mí. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀m̀pútà, ó dìde dúró, ó sì tún un sọ fún Alhaja, oògùn náà àti gbogbo ẹbí rẹ̀, kó tó lọ wo orí pẹpẹ.